Ojú Ewé Kẹta

Àǹtí Onítàn, òǹkọ̀wé tí ìwé rẹ̀ ń tà jù nílé iṣẹ́ yìí, kéde láàárọ̀ òní pé òun ò kọ̀wé mọ́. Ìtàn tuntun tó yẹ kó dé orí tábìlì olóòtú lọ́la, ó ní òun ò fi ránṣẹ́ mọ́. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹ má baà máa wo ẹnu ọ̀nà fún un nígbà tí mo bá ń dágbére ìfẹ̀yìntì mi.

Alága wa, mo kí yín. Olóòtú àgbà, ẹ̀yin tí a jọ fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n jà lórí fèrèsé kan tí kò ṣeé tì, mo kí yín. Ẹ̀yin òǹkọ̀wé, ẹ̀yin atẹ̀wé, bàbá àwọn ọmọ mi, mo kí yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ gbé fóònù sókè, mo kí ẹ̀yin náà, bí mi ò tilẹ̀ rí ojú yín. Ẹ̀yin èèyàn mi.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Èmi ni mo ń ṣí lẹ́tà àwọn òǹkàwé, ìdí tí ẹ fi ń pè mí ní Ìyá Lẹ́tà nìyẹn. Ta ló mọ èébú tó mi? Mo ti ka èébú tí wọ́n fi rúlà fa ìlà sí nídìí. Àmọ́ láyé ìgbà yẹn, ẹni tó fẹ́ bú òǹkọ̀wé, iṣẹ́ ló ń ṣe. Á ra bébà, á wá báírò tó ń yọ, á lọ tò sórí ìlà nítorí sítáǹbù. Ó sì gbọ́dọ̀ ti ka ìwé náà tán: "Ní ojú ewé kejìdínlọ́gọ́rin, ìwọ aláìláàánú yìí..." Bó ti wù kó gbóná tó ní ojú ewé kìíní, tó bá dé ìkejì, ọwọ́ á ti máa ro ó. Ní ìkẹta, á ní, "Ẹ bá mi kí màmá yín. Ìgbà wo ni ìwé míì ń bọ̀?" Nítorí náà, kí n tó gbé lẹ́tà fún òǹkọ̀wé, mo máa ń tú u, màá fi ojú ewé kẹta síwájú.

Fóònù wá dé. Ìbínú ò tò sórí ìlà mọ́. Ẹnìkan bú Àǹtí ní aago méje àárọ̀ lórí ìwé tí à ń gbé jáde ní aago mẹ́wàá. Mo bi í pé ibo ló ti rí i kà. Ó ní kí n má fi ìwé kíkà dá òun dúró, òun ṣì ní òǹkọ̀wé mẹ́ta láti bú kí ọ̀sán tó pọ́n. Kí sì ni ẹ̀ṣẹ̀ Àǹtí? Wọ́n gbọ́ pé ó jẹ́ kí nọ́ọ̀sì inú ìtàn rẹ̀ kú. Àwọn tó fẹ́ràn nọ́ọ̀sì ní kí òun náà lọ kú. Ìfẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹyin lohùn, èmi náà sì ti fọ́ ọ̀kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi orúkọ tí kì í ṣe tèmi wọ orí fóònù, kí n lè gbèjà Àǹtí. Mo kọ ọ́ bí àwọn lẹ́tà mi àtijọ́. Mo fi èébú bẹ̀rẹ̀, kí àwọn tó ń bínú lè gbà pé ara wọn ni mí: "Obìnrin yìí ti gbẹ. Kó gbé báírò sílẹ̀." Lẹ́yìn ìyẹn, mo yìn ín títí dé ìsàlẹ̀. Mo ní ikú nọ́ọ̀sì yẹn ló jẹ́ kí n sun ẹkún tí mi ò rí sun nígbà tí ìyá mi kú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ̀ pé fóònù kì í fi ju ìlà méjì hàn. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin èèyàn fi àmì ọkàn sí i. Ọ̀kan péré ló tẹ̀ ẹ́ kó rí ìyókù, èmi náà sì ni.

Ìlà méjì yẹn ni Àǹtí fà yọ nínú ìkéde rẹ̀. Ó ní, "Gbogbo èébú ni mo lè gbé, àfi èyí tó dà bíi pé ẹni tó mọ̀ mí ló kọ ọ́."

Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo kọ ọ́.

Ẹ má tíì forí jì mí, kì í ṣe ẹ̀yin ni mo ṣẹ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ìbínú wa yára ju òye wa lọ. Ẹ̀yin òǹkọ̀wé, ẹ ò ní gbẹ. Ẹni tó máa jókòó sí àga mi, ọ̀rọ̀ kò ní ju ẹ̀mí rẹ̀ lọ.

Mo ti fi ọwọ́ kọ gbogbo ohun tí mo sọ yìí sórí bébà, mo fi orúkọ mi sí i, mo sì fi rán awakọ̀ wa sí Àǹtí. Ó pè mí kí n tó dìde. Ó ní ọwọ́ kan yọ lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó gba àpòòwé náà, ó sì ti ilẹ̀kùn padà. Bóyá ọwọ́ Àǹtí ni, bóyá ó ti ṣí i, a ò tíì mọ̀. Ẹ ṣé tí ẹ gbọ́ mi dópin o.