Ẹni Méjì Ń Jẹ́ Orúkọ Kan

Orí ìlà àkàrà ni mo wà ní Pópó Àgùdà láàárọ̀ àná, tí mo fi gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe àti ìyá kan tó ń ta mílíìkì àti ṣúgà l'Ókè Àrin.

"Mọ́mì, kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò ọjà yín ò ní ara tiẹ̀. Inú ẹ̀rọ ńlá ló ń gbé, bí ayálégbé. Mo ti kó o lọ sínú ẹ̀rọ tuntun lọ́jọ́ Sátidé, mo sì pa ti àtijọ́."

"Kí ló wá ń ṣe é? Láàárọ̀ ó ní mílíìkì wà, lọ́sàn-án ó ní kò sí, nírọ̀lẹ́ ó tún ti wà. Àbí orí ẹ̀ ti dàrú ni?"

"Ó ń da èmi náà láàmú. Mo yẹ gbogbo wáyà wò. Àfi bíi pé a pe orúkọ kan, ẹni méjì ń jẹ́. Ṣé ẹ ò fọwọ́ kan ti àtijọ́?"

Ìyá náà tún gèlè ẹ̀ wé. "Mo tàn án padà. Ta ní ń dá kọ́kọ́rọ́ ilé àtijọ́ padà kó tó sùn nínú tuntun?"

"Háà! Ẹ̀dà ẹ̀ ṣì wà nínú ibẹ̀ o! Àwọn méjèèjì ló ń kọ ọjà yín sílẹ̀, kálukú ń kọ díẹ̀ nínú ẹ̀."

"Àwọn oníbàárà ti ń pè mí ní onírọ́. Èwo nínú wọn ni kí n gbà gbọ́?"

Ọmọ náà ń wo iná àkàrà.

"Méjèèjì ò purọ́, Mọ́mì. Kò kàn sí èyí tó mọ̀ ọ́n tán."