Àdúrà Fún Ọmọ Inú Fíìmù

Iwájú kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń lọ sí Bódìjà ni mo jókòó sí, tí mo fi gbọ́ ọ̀rọ̀ obìnrin méjì, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, lẹ́yìn mi.

Èyí àgbà ní, "Ọmọkùnrin tó o ní ká gbàdúrà fún, èyí tó mu májèlé, ara rẹ̀ ti yá?"

Èyí àbúrò ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Inú fíìmù Ṣáínà tí mò ń wò lálaalẹ́ ló wà. Àwọn tó ń fi idà jà, tí wọ́n ń fò lórí òrùlé."

"Inú kí ni? Èmi tí mo gbààwẹ̀!"

"Ọ̀gá tó kọ́ ọ níjà ni wọ́n bu májèlé fún, ọmọ náà ló gbà á mu dípò rẹ̀. Kò ní ìyá, kò ní bàbá. Ọmọ ọlọ́mọ ni, ẹ̀gbọ́n."

Ọmọ ọlọ́mọ! Bí ẹni pé Apẹ́tẹ́ nílùú wa níbí ni ọmọ náà ń gbé ló ṣe sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé ó ti wá jí?"

"Ó jí lánàá! Ó ti gbé idà rẹ̀!"

"Jésù, o ṣé o!" Ẹ̀gbọ́n pàtẹ́wọ́, awakọ̀ wa náà ṣe àmín. "Ẹni tó bu májèlé ńkọ́?"

"Ó ṣì wà láàfin, ó ń rẹ́rìn-ín."

"Hẹn-ẹn. Tá a bá pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́rú, má sọ fún àwọn tó kù pé fíìmù ni. A ò tíì parí àdúrà."