Búrẹ́dì Àkọ́yọ

Ẹ gbé yìnyín yẹn lé àgbọ̀n yín dáadáa kó má baà wú ju báyìí lọ, kí ẹ sì jókòó, torí ẹ ò lè tiro wọ ilé ìdáná mi láti wá sọ pé mo ba ilé búrẹ́dì yín jẹ́, kí n wá kúnlẹ̀ máa bẹ̀ yín. Mo bà á jẹ́. Irin tí wọ́n fi ń wọ́ páànù jáde nínú ààrò ni mo fi bà á jẹ́, bí irin náà ò bá sì tẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ tí ẹ fi ń po ìyẹ̀fun ni, ògiri nìkan ni ẹ ò bá bá nílẹ̀. Ẹ má wo ọ̀bẹ ọwọ́ mi, bọ̀ọ̀dá. Ẹ̀fọ́ ni mo ń fi gé.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni yín, mo mọ̀. Bí mo ṣe ń bu ọ̀wọ̀ fún yín láti ọjọ́ tí mo ti wọlé yín kò yí padà. Ṣùgbọ́n ṣé wọ́n sọ ohun tí dókítà fi ojú mi rí fún yín?

Ó tú báńdéèjì ẹsẹ̀ àbúrò yín, ó wo egbò tó wà lábẹ́ àtàǹpàkò, ó gún un lọ́mọ ìka, ó wo ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ó wá bọ́ awò ojú ẹ̀ sórí tábìlì. Kò yíjú sí ẹni tó ni ẹsẹ̀ o. Èmi ló yíjú sí, lójú gbogbo àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ní, "Ìyá, kí lẹ ń fún ọkùnrin yìí jẹ?" Bí ìgbà tí ọlọ́pàá ń bi ẹni tó da májèlé sọ́bẹ̀!

Èmi tí mo kó ṣúgà kúrò nínú ilé débi pé kòkó tí àwọn ọmọ ń mu, ńṣe ni wọ́n ń dijú mu ún. Èmi tí mo gbé ìrẹsì funfun tì, tí mo ń se ẹ̀wà, tí mo ń bọ ẹja dípò kí n dín in, tí mo ń kán òróró sínú ìkòkò bí ẹni ń kán oògùn ojú. Ìdajì àwo ẹ̀fọ́, bí nọ́ọ̀sì ṣe là á yé mi gẹ́lẹ́. Àwọn ọmọ ní ilé wa ti di ilé ewúrẹ́. Èmi gan-an ti rù, gbogbo síkẹ́ẹ̀tì mi ni mo ti rán wọlé. Kí ni mo ń fún un jẹ!

Dókítà ní bí ṣúgà yẹn ò bá wálẹ̀ kí a tó padà wá, wọ́n á gé ẹsẹ̀ náà. Láti ọrùn ẹsẹ̀. Ó fi bírò fa ìlà síbẹ̀ kó lè yé mi, bí ẹni fẹ́ rẹ́ pákó. Mo fọ ìlà yẹn, mo fọ̀ ọ́, kò lọ.

Ọjọ́ tí a délé, mo di kọ́là àbúrò yín mú, mo gbá a mọ́ ògiri, mo ní kó sọ ohun tó ń jẹ níta kí n tó lu òkú ẹ̀. Ó fi orí àwọn ọmọ búra pé kò sóhun tó ń kan ẹnu òun àfi èyí tó bá ti ọwọ́ mi wá. Ohun tó sì ń bí mi nínú títí di ìsinsìnyí ni pé kò purọ́. Nínú ọkàn ẹ̀, òótọ́ ló ń sọ. Mo bẹ̀ ẹ́, bọ̀ọ̀dá. Mo sunkún, mo bẹ ẹni tó ń pa ara ẹ̀.

Ó wá gbàgbé abọ́ oúnjẹ ẹ̀ sílé láàárọ̀ yìí. Mo ní kí n tètè gbé e lọ bá a nílé búrẹ́dì kí ebi má baà pa á. Ẹ̀yìnkùlé ni mo gbà wọlé, ẹ ò rí mi. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ààrò. Mo rí gbogbo yín tí ẹ pagbo, apòyẹ̀fun yín, ọmọ tó ń bá yín po ìyẹ̀fun, gbé búrẹ́dì kan sórí àwo, ó ń rú èéfín, bọ́tà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, agolo ṣúgà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tà. Ọkọ mi ṣí fìlà. Ó bu orí búrẹ́dì, ó fi ra bọ́tà, ó rì í sínú ṣúgà, ó jẹ ẹ́, gbogbo yín sì dáhùn pé ó jinná. Mo ní ó dáa, ó tọ́ ọ wò ni, iṣẹ́ ẹ̀ ni. Àfi bí ẹ̀yin tí ẹ jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun ṣe la ẹnu tó wú yìí, nígbà tí kò tíì wú, tí ẹ ní, "Jẹ ẹ́ tán. Èyí tó bá kù lọ́wọ́ ọ̀gá ló máa kù lọ́jà."

Ó sì jẹ ẹ́ tán. Odindi búrẹ́dì. Wọ́n ní gbogbo ìgbà tí ààrò bá ṣí ló ń jẹ ọ̀kan. Títí ilẹ̀ á fi ṣú!

Mo pè é. Ó yíjú sí mi, ṣúgà wà létè ẹ̀ bíi ti ọmọ ọwọ́. Mo ní kí nìyẹn? Ojú ò tiẹ̀ tì í. Ó ní, "Àkọ́yọ ni, èyí tó kọ́kọ́ yọ nínú ààrò, ọ̀gá ló ń tọ́ ọ wò. Iṣẹ́ nìyẹn, kì í ṣe oúnjẹ." Ó ní bí télọ̀ bá gbé ẹ̀wù oníbàárà sọ́rùn wò, ṣé a lè ní ó ti wọ aṣọ?

Ibẹ̀ ni ọwọ́ mi ti bá irin.

Mo fọ́ gíláàsì iwájú, mo fọ́ ti ẹ̀gbẹ́, mo da tábìlì dé, mo fi ẹsẹ̀ tẹ búrẹ́dì tó kù lórí páànù títí ó fi pẹlẹbẹ. Apòyẹ̀fun tó dì mí mú lẹ́yìn, mo gé e jẹ lápá. Ìyẹ̀fun ni mo kọ́kọ́ tọ́ wò, lẹ́yìn náà ẹ̀jẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún un pé kó má bínú, iṣẹ́ ni mo ń ṣe, n ò kà á mọ́ oúnjẹ.

Páànù tó bà yín yẹn, ẹ̀yin kọ́ ni mo sọ ọ́ sí. Agolo ṣúgà ni mo sọ ọ́ sí. Ẹ̀yin lẹ fò dìde lọ dúró síwájú agolo. Ẹ fi àgbọ̀n yín gba ṣúgà sílẹ̀, bọ̀ọ̀dá. Ta ló fi kiní kan gba ẹsẹ̀ àbúrò yín sílẹ̀?

Kí lẹ wí? Ẹ rọra sọ ọ́. Pé bàbá yín ló dá àkọ́yọ jíjẹ sílẹ̀? Pé bàbá yín jẹ ẹ́ títí ó fi kú, ẹ̀yin náà jẹ ẹ́ títí ẹsẹ̀ ò fi jẹ́ kí ẹ lè dúró mọ́, kí ẹ tó fà á lé àbúrò yín lọ́wọ́. Mo ti gbọ́.

Ẹ dúró ná.

Ẹsẹ̀ wo? Ṣé èyí tí ẹ ní páànù gbígbóná já lù? Bọ̀ọ̀dá, oyún àbíkẹ́yìn mi ni mo gbé wá kí yín lọ́jọ́ náà. Ọmọ yẹn ti ń dá lọ sílé ìwé. Egbò páànù wo ni kò tíì jinná?

Ẹ bọ́ bàtà yẹn. Mo ní ẹ bọ́ ọ kí n tó fi ọ̀bẹ yìí la okùn ẹ̀. Ẹ má fà á, ìbọ̀sẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn.

Hẹ̀n-ẹ́n.

Ìka méjì ló ti dúdú báyìí. Ta lẹ ń fi í pa mọ́ fún?

Kí ló pa bàbá yín? Mo ní, kí ló pa á?

Ẹ má dá mi lóhùn mọ́, ẹsẹ̀ yín ti dá mi lóhùn.

Ó dáa. Ẹ ò lọ sílé mọ́. Bí àbúrò yín tó sùn ní yàrá bá ti jí, ẹ̀yin méjèèjì lẹ ń bá mi lọ bá dókítà lónìí, bó bá sì tún bọ́ awò ojú ẹ̀ tó bi mí pé kí ni mo ń fún wọn jẹ, ẹ̀yin lẹ máa fi àgbọ̀n yẹn dá a lóhùn. Ibí ni ẹ ó ti máa jẹun láti òní lọ. Ẹ̀fọ́ tí mo ti kọ́kọ́ gbé kaná ti jinná, mo ti gún ẹ̀wà rẹ̀ kúnná nítorí ẹnu yín.

Ẹ ya ẹnu. Mo mọ̀ pé ó ń dùn yín, ẹ yà á.

Kí ẹ sì jẹ ẹ́ tán o. Irin yẹn tẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo gbé e wálé. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló wà.