N Kò Wo Àtẹ́lẹsẹ̀ Bàbá Mi

Mo ti pinnu láti sọ òtítọ́ yìí ní ìta gbangba, nítorí pé ìta gbangba náà ni mo ti pa irọ́ tó bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ka lẹ́tà mi nínú ìwé ìròyìn yìí ní oṣù tó kọjá, èyí tí mo fi bẹnu àtẹ́ lu nọ́ọ̀sì kan pé àìbìkítà rẹ̀ ló mú kí wọ́n gé ẹsẹ̀ bàbá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí náà. Nọ́ọ̀sì náà kọ́ ló ṣẹ̀. Èmi ni. Bí ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ mi ló gbà á, kì í ṣe ọwọ́ tiwọn.

Káfíńtà ni bàbá mi. Ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí i ní ṣọ́ọ̀bù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa kò ní gbà bẹ́ẹ̀, nítorí àràárọ̀ ló máa ń wà níbẹ̀, tí yóò máa fá pákó tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ rẹ̀. Àtọ̀gbẹ ti ń bá a fínra fún ọdún mẹ́wàá, ó sì ti pa ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kú débi pé bí ẹyin iná bá já lé e, yóò kàn máa wò ó ni. Nọ́ọ̀sì tó ń lọ láti ilé dé ilé tọ́jú àwọn aláìsàn àdúgbò wa ló kọ́ mi ní ohun tí mo ní láti máa ṣe. Ó ní, "Àbúrò mi, kí Bàbá tó wọ bàtà láràárọ̀, wo àtẹ́lẹsẹ̀ wọn. Wo àárín ọmọ ìka wọn. Ki ọwọ́ bọ inú bàtà náà, kó o fọwọ́ pa á yíká. Tó o bá ṣe tán, kọ ohun tó o rí sínú ìwé yìí. Ìṣẹ́jú méjì péré ni." Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá Àtẹ́lẹsẹ̀! Ẹ̀yin nìkan lẹ rí ẹsẹ̀ arúgbó tẹ́ ẹ ń ṣe bí ẹni tó rí wúrà." Ó dá a lóhùn pé, "Ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, Bàbá. Ẹsẹ̀ yìí náà lẹ ó kúkú fi lé mi jáde lọ́jọ́ tí mo bá sú yín."

Mo ṣe é fún oṣù kan gbáko. Lẹ́yìn náà ó sú mi. N kò ní sọ pé iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ mi, nítorí n kò tíì ríṣẹ́. Lẹ́tà ni mo fi ń lo àárọ̀ mi. Mo ń kọ̀wé sí àwọn oníròyìn nípa gọ́tà tí ẹnikẹ́ni kò kó, nípa iná òpópónà tó ti kú láti oṣù mẹ́fà, nípa àwọn òṣìṣẹ́ tó ń buwọ́ lùwé pé àwọn ti yẹ afárá wò nígbà tí wọn kò débẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi yìí ni mo pè wọ́n ní "àwọn tó ń buwọ́ lu ohun tí ojú wọn kò rí". Bí mo ṣe ń kọ gbólóhùn yẹn lọ́wọ́ ni bàbá mi ké láti yàrá: "Ọmọ mi, ṣé kí n wọ bàtà ni, àbí o ṣì ń bọ̀?" Mo ní, "Ẹ wọ̀ ọ́, Bàbá. Mo ti wò ó nígbà tẹ́ ẹ ń sùn." Ó ní, "Nígbà tí mo ń sùn? Kò burú. Mi ò mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi ń gbàlejò."

Láti ọjọ́ náà, ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń jókòó kọ ti odidi ọ̀sẹ̀ pa pọ̀. Ó dára. Ó dára. Ó dára. Mo máa ń pààrọ̀ báírò, búlúù fún ọjọ́ kan, dúdú fún òmíràn, kí ó má baà hàn pé ìjókòó kan ni mo ti kọ ọ́. Nígbà kan mo tilẹ̀ kọ ọ́ pé "awọ gbẹ díẹ̀, mo fi ìpara sí i", kí irọ́ náà lè jọ òótọ́. Ẹ bi mí léèrè bóyá ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Nọ́ọ̀sì náà yà sọ́dọ̀ wa ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Bàbá mi ń sùn lórí àga tòun ti ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ó ka ìwé náà, ó yìn mí, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀: "Jẹ́ kí n fojú ara mi rí i." N kò mọ ohun tí yóò bá níbẹ̀, nítorí èmi fúnra mi kò tíì wo ibẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Mo ní, "Àǹtí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó tán ni. Mo ti fọ̀ ọ́, mo ti fi ìpara pa á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jí wọn, wọn ò rí oorun sùn lánàá." Ó wo ojú mi. Ó wo aago. Ilé mẹ́jọ ló kù tí yóò dé. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o káre," ó buwọ́ lùwé, ó lọ. Nígbà náà, ìṣó kan tí kò gùn ju èékánná lọ, irú èyí tí wọ́n fi ń kan aṣọ mọ́ àga, ti gún bàtà bàbá mi wọnú. Kí a tó rí i, ọjọ́ mọ́kàndínlógún gbáko ni ó ti fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láìmọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá kí wa lọ́jọ́ kan, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Kí ló ń rùn báyìí? Ṣé eku kú sábẹ́ àga ni?" Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í wá eku. Bàbá mi pàápàá dìde, ó ń ti àga síwá sẹ́yìn, ó ń ṣẹ̀fẹ̀ pé eku náà mọ ibi tó dára láti kú sí. Àfi bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe tẹjú mọ́ ilẹ̀ lójijì. Ibikíbi tí bàbá mi bá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sí ni ipasẹ̀ tútù kan ń kù sí.

Nígbà tí a bọ́ bàtà náà, ẹsẹ̀ náà ti jẹrà; ní ọsibítù, ìsàlẹ̀ orúnkún ni wọ́n ti gé e. Dókítà ṣí ìwé náà wò lójú wa. "Ìwọ lo kọ ọ́? O gbìyànjú. Ojú tìrẹ kì í ṣe ojú nọ́ọ̀sì, o lè má mọ ohun tó ò ń wò. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì buwọ́ lu èyí ní ọjọ́ méjìlá sẹ́yìn. Kí ló wò?" Mo lè sọ̀rọ̀ nígbà náà. Mo la ẹnu. Ohun tó jáde ni, "Bóyá kò wò ó dáadáa, sà." Bóyá! Inú bóyá yẹn ni mo ti fa ẹ̀sùn olójú ìwé mẹ́ta yọ, tí mo sì tún fi lẹ́tà sí ìwé ìròyìn lé e. Èdè rẹ̀ gún régé. N kò tíì kọ ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta wá sí pálọ̀ wa, nọ́ọ̀sì náà sì tẹ̀ lé wọn. Alága wọn bi bàbá mi pé, "Bàbá, ṣé ọmọ yín ń wo ẹsẹ̀ yín láràárọ̀?" Bàbá mi wò mí. Mo wo ilẹ̀. Ó ní, "Láràárọ̀ ni." Nọ́ọ̀sì dìde. "Àbúrò mi, jọ̀ọ́, rántí. Ṣé ìwọ kọ́ lo sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó tán, pé kí n má jí wọn?" Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Mo gbé orí sókè, mo wo ojú obìnrin tó pè mí ní ọmọ tó káre, mo ní, "N kò sọ bẹ́ẹ̀." Wọ́n ní kí ó jókòó. Ní ọ̀sẹ̀ náà ni wọ́n ní kó lọ rọ́kún nílé títí ìdájọ́ yóò fi jáde.

Mo rò pé ó tán. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo kúnlẹ̀ láti yẹ ẹsẹ̀ kan tó kù wò, bàbá mi sì fà á sẹ́yìn. "Kí lo fẹ́ wò? Lọ kọ ọ́ sínú ìwé." Mo bi í léèrè ìdí tó fi gbè mí nígbà tó mọ̀. Ó ní, "Ọmọ mi ni ọ́. Bí wọ́n bá tún padà wá, ohun kan náà ni mo máa sọ, mi ò lè fi ẹnu mi tì ọ́ sínú ìjàngbọ̀n. Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn náà ní bàbá." Ó kọjú sí ògiri. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, mo máa ń rò pé nọ́ọ̀sì náà ni.

Láàárọ̀ òní mo gbé ìjẹ́wọ́ tí mo buwọ́ lù lọ sí ọ́fíìsì ìgbìmọ̀. Akọ̀wé kà á, ó tún un kà. "Ẹ̀yin náà mọ̀ pé èyí lè gbé yín dé kóòtù?" Mo ní mo mọ̀. "Wọ́n ti pa fáìlì yẹn dé. Ọjọ́bọ̀ ni ìdájọ́." Ó ti ìwé mi sábẹ́ òkìtì ìwé mìíràn. Mo gba ilé nọ́ọ̀sì lọ. Ó ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mo ní mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Kíkọ lo mọ̀. Lọ sọ ọ́," ó sì tìlẹ̀kùn.

Nọ́ọ̀sì, mo tọrọ àforíjì, bí n kò tilẹ̀ yẹ lẹ́ni tí ẹ̀ ń forí jì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ kàwé, tí ojú yín mú bí abẹ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan àbùkù ẹlòmíràn, ẹ kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì tí wọ́n fi sí yín lọ́wọ́, kí ẹ tó mú gègé. Ní ti èmi, màá wà lẹ́nu ọ̀nà ìgbìmọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Bí wọ́n bá jẹ́ kí n wọlé, iwájú wọn ni màá ti sọ ọ́. Bí wọn kò bá jẹ́ kí n wọlé, màá dúró sí títì, màá sì pariwo rẹ̀ títí ẹnì kan nínú wọn yóò fi jáde wá gbọ́.