Orin tí Mo Fi Pe Monica Jáde

Ẹ̀yin obìnrin Upenmen, ẹ sún mọ́ mi. Dókítà ti ní àìsàn mi kọjá agbára òun, kí wọ́n máa gbé mi lọ sílé, síbẹ̀ inú mi ń dùn, orin ń yọ lẹ́nu mi, nítorí ohun tó há mi lọ́fun láti ọdún mọ́kànlá ń jáde lónìí. Kì í ṣe Kúlísúmù ló da Monica. Èmi Theresa ni.

Ẹ rántí, Monica ló kó wa jọ nígbà táwọn agégẹdú wọ igbó orísun omi wa. A dì mọ́ igi, a ń kọrin, wọ́n sì padà. Nígbà tí wọ́n wá ń wá a láti pa á, abà mi la fi í pamọ́ sí. Èmi ni mò ń gbé oúnjẹ lọ láràárọ̀. Bí mo bá ń kọrin bọ̀, kó jáde. Bí mo bá dákẹ́, kó má yọjú.

Ṣùgbọ́n mò ń jowú. Kó tó di pé ó ń sá pamọ́, ó kọ orin mi ní rédíò Àkúrẹ́, kò dárúkọ mi. Ẹ wo ìwà òmùgọ̀. Sylvanus, fọ́máànù àwọn agégẹdú, wá ń rẹ́rìn-ín: "Màmá olórin, ẹni tó jí orin yín ló wá di gbajúmọ̀? A kàn fẹ́ kó fọwọ́ síwèé ni. Ẹ bá wa pè é." Mo rí àdá lọ́wọ́ àwọn tó tẹ̀ lé e. Mo sì gbé abọ́ rù, mo kọrin:

Monica, jáde o, ojúmọ́ ti mọ́,
Igbó wa tutù, omi wa ń ṣàn.

Ó yọ tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó ní, "Màmá, ohùn yín mà dùn lónìí." Wọn ò jẹ́ kó sọ òmíràn.

Ìyẹn nìkan kọ́. Nígbà tẹ́ ẹ ń fura sí Kúlísúmù, torí pé Mùnírù ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà ń ra pákó lọ́wọ́ wọn, èmi ni mo dá orin èébú, ẹ̀yin lẹ gbè é. Ó kúnlẹ̀: "Màmá Theresa, ẹ̀yin mọ̀ mí. Ẹ bá mi sọ fún wọn." Mo tún gbóhùn sókè sí i. Ó kó lọ sí Isuada, ibẹ̀ ló kú sí lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá. Láti ọjọ́ orin èébú yẹn, obìnrin kan ò gba obìnrin kejì gbọ́ mọ́ níbí. Àwọn agégẹdú padà wá, ẹnikẹ́ni ò jáde sí wọn. Omi náà gbẹ.

Mo ń tọrọ àforíjì, àmọ́ àwọn tó lè fún mi ti lọ. Adéfúnkẹ́ ọmọ Monica ti ń kó àwọn ọ̀dọ́bìnrin jọ báyìí nítorí igbó tó kù lọ́nà Ipele. Ẹ bá mi kìlọ̀ fún un. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń lé e, kó má sá wá sílé èyíkéyìí nínú wa.