Búrẹ́dì Ẹlẹ́ja Tí Mo Fi Ń Jí Ọjọ́ Oúnjẹ Orogún Mi

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ kà á tán ná. Ó ti tó oṣù méje tí mo ti gbé e sínú, ó sì ti sú mi. Gbogbo èèyàn ń yìn mí níbi tó yẹ kí wọ́n ti nà mí, mi ò sì lè gba ìyìn náà mọ́.

Èmi ni ìyáálé nílé ọkọ mi. Kambolé ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí, ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí a ti ń gbé Sokodé. Télọ̀ ni ọkọ mi, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sílé. Lọ́dún tó kọjá ó lọ fẹ́ Rafíátù wá láti Kambolé. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ó ń kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀, ó ń bá mi fọ aṣọ Saídì ọmọ mi. Ká ní aláfojúdi ni, ọ̀rọ̀ yìí ì bá rọ̀ mí lọ́rùn.

Ẹ mọ bí ilé olórogún ṣe rí. Ọjọ́ méjì ni oúnjẹ kàn mí, ọjọ́ méjì ló kàn án. Ẹni tí oúnjẹ bá kàn ni ọkọ ń sùn lọ́dọ̀ rẹ̀. Tí kò bá kàn ọ́, o kò gbọdọ̀ gbé àwo síwájú ọkọ, ìbáà ṣe ẹ̀pà sísun. Olè ni àwọn ìyá wa ń pè é. Ìyá mi ló fi ẹnu ara rẹ̀ kọ́ mi, kí ẹ má bàa rò pé mi ò mọ̀.

Kafetéríà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Tíì, ẹyin díndín àti búrẹ́dì la ń tà láàárọ̀, a sì ń palẹ̀ mọ́ láago mọ́kànlá. Rafíátù ń ta gààrí lọ́jà, kì í dé títí di ìrọ̀lẹ́. Tó bá jẹ́ ọjọ́ rẹ̀, á ti se oúnjẹ ọ̀sán sílẹ̀ kí ó tó jáde, á gbé e sínú kúlà, á fi aṣọ tó mọ́ bò ó.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá mi fún mi ní ẹja inú agolo kan, èyí tí wọ́n ń pè ní tọ́ọ̀n. Mo gbé e wálé pé màá fi jẹun ọ̀sán. Ọjọ́ Rafíátù ni. Mo ro òróró ara ẹja náà dànù, mo fi fọ́ọ̀kì tẹ̀ ẹ́. Mo rẹ́ àlùbọ́sà wẹ́wẹ́, mo fi omi iyọ̀ ṣàn án kí ó má bàa ta lẹ́nu. Mo gé tòmátì sí i, mo yọ omi rẹ̀. Mo rún ẹyin bíbọ̀ kan, mo fi mayonéèsì ṣíbí méjì pò ó pọ̀, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Mo la búrẹ́dì gígùn níkùn, mo kọ́kọ́ tẹ́ ewé sàláàdì sí i, torí láìsí ewé yẹn, búrẹ́dì á rọ̀ gbọ̀jẹ̀gbọ̀jẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo ṣe é fún. Èmi nìkan.

Ọkọ mi ti ibi ìrun ọ̀sán dé, ó bá mi lórí rẹ̀. Ó ní kí lèyí. Mo ní oúnjẹ mi ni, tirẹ̀ wà nínú kúlà. Kò lọ. Ó ní kí n jẹ́ kí òun tọ́ ọ wò. Ẹni tó ní òun fẹ́ tọ́ ọ wò ló jẹ ẹ́ kù bí àtàǹpàkò fún mi. Kò ṣí kúlà rárá.

Ká ní ó parí síbẹ̀ ni, mi ò ní máa dà yín láàmú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ Rafíátù tún pé, ó tètè dé láti ṣọ́ọ̀bù, ó bi mí bóyá búrẹ́dì ọjọ́sí wà. Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ mi wà nìyí: kí ó tó béèrè ni mo ti ra agolo náà. Mo ti bọ ẹyin sílẹ̀. Inú mi sì dùn. Ẹ jọ̀ọ́, mo ní kí n má fi pamọ́ fún yín, inú mi dùn gan-an.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ fún oṣù mẹ́fà. Ọkùnrin yìí ò tiẹ̀ mọ olè jà. Èmi ni mo ń nu mayonéèsì kúrò ní irùngbọ̀n rẹ̀, èmi ni mo ń di agolo sínú láílọ́ọ̀nù lọ dà nù sí òpópó kejì. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó máa bu díẹ̀ jẹ nínú kúlà, kí ìyàwó má bàa fura. Ó ní òun ti yó. Tó bá dalẹ́, Rafíátù á gbé iyán síwájú rẹ̀, ọkọ mi á mú òkèlè mẹ́ta, á fọwọ́. Ẹni tó jẹ odindi búrẹ́dì láago méjì, kí ni yóò fi iyán ṣe? Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run.

Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ rẹ̀ ni Rafíátù ń ṣí kúlà bá oúnjẹ rẹ̀ bó ṣe gbé e sílẹ̀. Ó yí ọbẹ̀ padà. Ó se ẹ̀gúsí, ó se ẹ̀pà, ó ra ẹtù. Lọ́jọ́ kan ó wá sí yàrá mi, ó kúnlẹ̀.

“Ìyáálé mi, ẹ jọ̀ọ́, kí ni Bàbá Saídì fẹ́ràn gan-an? Ẹ sọ fún mi, màá sè é.”

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Ohun tí mo sọ ni pé, “Ìyàwó, bóyá ilá ló ti sú u.” Ó dúpẹ́. Kò se ilá fún odindi oṣù kan, bẹ́ẹ̀ ilá ni ọbẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn jù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tó ti di ẹrù rẹ̀ lọ sí Kambolé. Lọ́dọ̀ wa, ọkọ tí kò bá jẹ oúnjẹ ìyàwó, ìyàwó gan-an ni kò fẹ́, kò dìgbà tí ẹnu bá sọ ọ́. Àwọn àgbà pe ọkọ mi, wọ́n ní kí ni ọmọ àwọn ṣe. Ó jókòó, ó ń wo fìlà ọwọ́ rẹ̀. Ó ní òun ò ní ẹjọ́ kankan. Wọ́n ní kí ló dé tí kì í jẹun. Ó ń yí fìlà náà ká lọ́wọ́. Nígbà tí mo pariwo mọ́ ọn nílé, ó ní, “Ìyá Saídì, ça va aller,” pé yóò dára. Bó ṣe máa ń sọ nìyẹn nípa gbogbo nǹkan, kódà tí iná bá jó aṣọ oníbàárà.

Wọ́n wá rán èmi. Wọ́n ní èmi ìyáálé onísùúrù ni kí n lọ bẹ ìyàwó. Mo wọ mọ́tò dé Tchamba, mo gun ọ̀kadà láti ibẹ̀ dé Kambolé, eruku bò mí. Ohun tí mo bá ní agboolé bàbá Rafíátù ni mi ò lè gbàgbé. Ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò ìyá rẹ̀ méjì yí i ká lẹ́bàá odó. Wọ́n ń kọ́ ọ ní oúnjẹ sísè. Ọmọ tó ti ń se oúnjẹ fún àwọn alágbàṣe oko kí ó tó lọ́kọ. Láti ọjọ́ tó ti dé ni wọ́n ti ń ní kí ó sè é, wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á máa wá àléébù. Ọ̀kan ní ata ni. Èkejì ní ọwọ́ rẹ̀ ló korò.

Ìyá rẹ̀ gbé àwo síwájú mi. Ó ní, “Ìwọ lo mọ ẹnu ọkọ yín, ọmọ mi. Bá wa tọ́ ọ wò, kí o sọ ohun tó kù.”

Mo jẹ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kò sí ohun tó kù. Iyán náà kò ní kókó kan, ọbẹ̀ náà dùn ju tèmi lọ, láyé mi mi ò se irú rẹ̀ rí. Gbogbo wọn ń wo ẹnu mi.

Mo ní, “Iyọ̀ ló kù díẹ̀.”

Rafíátù ní, “Mo dúpẹ́, ìyáálé mi.” Ó dìde, ó lọ bu iyọ̀, ó dà á sínú ọbẹ̀ tó ti dáa. A jókòó, a jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà tí mo ti padà dé Sokodé ni wọ́n ti ń yìn mí pé mo lọ bẹ ìyàwó. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun, ilé méjèèjì máa jókòó. Bàbá Rafíátù ti sọ pé tí ọkọ mi ò bá lè sọ ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ òun, òun á dá ọmọ náà dúró sílé. Tí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n lè ní kí èmi náà di ẹrù mi, Saídì ò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Tí mi ò bá sọ̀rọ̀, orúkọ pé kò mọ oúnjẹ sè máa tẹ̀ lé ọmọ ọlọ́mọ dé ilé ọkọ mìíràn. Ọkọ mi ní kí n fi sílẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a, àwọn àgbà ti sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ò ní ogún ọdún láti fi dúró.

Àná ni Rafíátù pè mí lórí fóònù. Ó ní, “Ìyáálé mi, ẹ bá mi bẹ Bàbá Saídì. Kí ó má tíì fẹ́ ẹlòmíràn. Ẹ sọ fún un pé mo ti ń mọ̀ ọ́n sè.”

Mo pa fóònù, mo sì ṣe bí ẹni pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kí Jímọ̀ tó pé. Òun ni kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún ni, àbí ìyá rẹ̀?