Férémù Tí Wbeimar Jó Pọ̀

Ẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà yẹn fún mi, Mama Rosalba. Ẹ̀yin kọ́ ni mo bá wá, Wbeimar ọmọ yín ni, òun tó ta kẹ̀kẹ́ eré-ìje BMX fún Maryori ọmọ mi, ẹ pè é jáde kí n fi irin yìí fọ́ ọ lẹ́nu bó ṣe fọ́ ọmọ mi lẹ́nu. Ẹ má ní kí n jókòó. N ò mu kọfí. Ta ló ń mu kọfí nílé apààyàn?

Ẹ wò ó. Férémù kẹ̀kẹ́ náà rèé, ẹ wo ọrùn rẹ̀ níbi tó ti já. Ṣé ẹ rí i pé wọ́n ti fi iná jó o pọ̀ rí, kí wọ́n tó fi ọ̀dà pupa kùn ún? Ó ti sán tẹ́lẹ̀, Mama! Gbogbo àwa tá à ń kó ọmọ lọ sí pápá eré-ìje ní Itagüí la mọ̀ pé férémù tó bá ti sán, ayùn ni wọ́n ń fi gé e sí méjì lójú gbogbo èèyàn, kí ẹnikẹ́ni má baà gùn ún mọ́. Wbeimar fúnra rẹ̀ ló máa ń di ayùn mú. Òun ló gé èyí tí Maryori ń gùn tẹ́lẹ̀ lọ́dún èṣí, tó ń ṣépè fún àwọn tó ń jó irú rẹ̀ pọ̀ tà fún ọmọ ọlọ́mọ.

Ta ni ǹ bá tún fọkàn tán? Baba ìsàmì ọmọ mi ni. Òun ló gbé e dání nígbà tí fadá ń da omi sí i lórí. Ẹlẹ́dẹ̀ tá à ń sìn de Kérésì ni mo tà, torí ó ní òun ti bá ọmọ wa rí kẹ̀kẹ́. Ọmọ wa! Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Níbi ìdíje ní Pereira, tí Wbeimar ò bá wa lọ, géètì tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ eré ṣubú, ọmọ mi ló ṣíwájú. Ó fò lórí òkìtì kejì, bó ṣe balẹ̀ báyìí, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ já sí i lọ́wọ́, ó sì fi ẹnu lulẹ̀. Wáyà ni wọ́n fi de àgbọ̀n rẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀, omi ọbẹ̀ ló ń fà mu. Ẹ wá ní kí n rọra sọ̀rọ̀ nítorí aládùúgbò? Kí wọ́n gbọ́! Màá fọ́ fèrèsé yìí, màá ṣẹ́ ọwọ́ tó fi jó o, ìka kọ̀ọ̀kan, Màríà Mímọ́ ń gbọ́.

Kí lẹ wí? Pé kì í ṣe ìkà, pé ó dá a lójú pé ibi tóun jó ò lè já? Ilẹ̀kùn irin ló mọ̀ ọ́n jó pọ̀, Mama. Ilẹ̀kùn kì í fò lórí òkìtì.

Ẹ sọ ọ́ sókè. Pé férémù méjì ló jó pọ̀ lọ́jọ́ yẹn? Èkejì dà? Ta ló tà á fún? Mò ń bi yín ni.

Dayana? Ọmọ tiẹ̀?

Wbeimar gbọ́ pé Maryori ṣubú, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò sọ fún un pé férémù ló já. Ẹ sì ní ó ti mú Dayana lọ gùn ún ní pápá láàárọ̀ yìí?

Ẹ fi bàtà sílẹ̀. Ẹ máa bọ̀ láìwọ bàtà, ẹ máa pè é lórí fóònù bá a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ òkè yìí lọ sí pápá, ẹ ní kó fa ọmọ yẹn kúrò lórí kẹ̀kẹ́. Ẹkún kọ́ nísinsìnyí, ẹ sáré! Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, Mama Rosalba, tí Dayana bá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, kí ẹnikẹ́ni má dì mí mú.